Fífi hang glider fò lókè kùrukùru etíkun California láìsọ ilẹ̀ nù

Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ, ìkùukùu pẹlẹbẹ kan máa ń tẹ́ sí etíkun California bí ẹní. Ẹni tó bá dúró lórí òkè tó ga jù ú lọ láàárọ̀ yóò rí oòrùn lókè orí, yóò rí ohun funfun báláú bí òwú títí dé ibi tí ojú mọ, orí àwọn òkè kéékèèké yóò sì yọ jáde nínú rẹ̀ bí erékùṣù. Ohun tó ń pe àwọn tó ń fi hang glider fò lọ síbẹ̀ nìyẹn. Hang glider kò ní ẹ́ńjìnnì. Páìpù álúmínì ni, aṣọ líle, wáyà, àti èèyàn kan tó dojú bolẹ̀, tó so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀; ìyẹ́ la ó máa pè é níbí. Ẹwà ibẹ̀ àti ewu ibẹ̀, inú ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wá: ìkùukùu tó ń dán lójú yẹn ló ń bo ilẹ̀ tí ẹ máa bà sí.

Ohun tó di ìkùukùu náà mú

Omi òkun Pàsífíìkì tó ń ṣàn wá láti àríwá lẹ́bàá etíkun yìí tutù. Ní àgbègbè San Francisco, dígírì Celsius 10 sí 15 ló sábà máa ń jẹ́, kódà nígbà tí oòrùn ń mú jù. Afẹ́fẹ́ tó bá rìn lórí omi yìí á tutù títí omi inú rẹ̀ á fi di kùrukùru. Lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ mìíràn tó gbóná tó sì gbẹ ń rọra sọ̀kalẹ̀, ó wá dé ti ìsàlẹ̀ bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò. Bí ẹ bá ń gun òkè láti etíkun, òtútù á máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀; bí ẹ bá ti yọrí kúrò nínú kùrukùru, ooru lè fi dígírì 5 sí 10 lé sí i láàárín mítà 100 tàbí 200. Ẹni tó wọ kóòtù méjì ní etíkun á máa làágùn níbi tí wọ́n ti ń gbéra.

Ọmọrí yìí ló ń jẹ́ kí orí ìkùukùu náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kí afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ sì rọ̀. Òun náà ni kò jẹ́ kí ìkùukùu yìí lè fa èèyàn sókè. Àwa tí a mọ òjò ilẹ̀ wa mọ ìkùukùu dúdú tó ń ga bí òkè kí àrá tó sán. Ìyẹn lè gbé ìyẹ́ mì, kó sì gbé e dé ibi tí èémí ti ń wọ́n. Ti etíkun California kò lágbára bẹ́ẹ̀, ìtùnú yìí gan-an ló sì ń tan èèyàn jẹ. Afẹ́fẹ́ rọ̀, oòrùn ń ràn, ìyẹ́ kò mì, kò sì sí ohunkóhun tó ń kìlọ̀ fún yín pé ihò tí ẹ fẹ́ gbà sọ̀kalẹ̀ ti ń dí. Ẹ má sì fi ọyẹ́ tiwa wé e. Nínú ọyẹ́, ẹ ṣì lè rí ojú ọ̀nà nísàlẹ̀ fírífírí. Nínú kùrukùru òkun, ẹ lè má rí ṣóńṣó ìyẹ́ tí ẹ fi ń fò.

Ibi tí wọ́n ti ń fò

Fort Funston, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn San Francisco, dára fún kíkọ́ ìwà afẹ́fẹ́ òkun. Bèbè iyanrìn rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 60. Afẹ́fẹ́ á kọlu bèbè náà, á yí sókè, ìyẹ́ á sì máa lọ sókè sódò lórí rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Torrey Pines ní San Diego ga tó nǹkan bíi mítà 100. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìkùukùu lẹ máa wà ní ibi méjèèjì. Òkè gíga ló ń gbé èèyàn kọjá rẹ̀: Mount Tamalpais ní àríwá afárá Golden Gate, tí wọ́n ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fò lọ bà sí Stinson Beach, àti Plaskett Ridge ní Big Sur, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ bà sí Sand Dollar Beach.

USHPA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó eré yìí ní Amẹ́ríkà, ń to àwọn tó ń fò láti H1, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, dé H5, ọ̀gá. Ẹni tí kò tíì dé H3 kò níṣẹ́ lórí òkè etíkun nígbà tí ìkùukùu bá wà, H4 ló sì bójú mu lójú tiwa. Ẹ bá ẹgbẹ́ tó ń ṣe àkóso ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ, torí àwọn ló mọ igun tí afẹ́fẹ́ ti ń dà rú àti pápá tí ẹ lè bà sí bí etíkun bá bò.

Wíwọn kùrukùru kí ẹ tó gbé ìyẹ́ sórí ọkọ̀

Ohun mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà, ibi tí orí rẹ̀ wà, àti ọ̀nà tó ń gbà lọ.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọrùn láti ṣírò. Ẹ wá ìròyìn ojú ọjọ́ pápákọ̀ òfurufú tó sún mọ́ etíkun. Ẹ ó rí nọ́ḿbà méjì níbẹ̀: bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó, àti ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ tutù dé kí omi inú rẹ̀ tó di ìrì. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, kí ẹ fi 125 sọ ohun tó kù di púpọ̀, ẹ ti rí mítà tó wà láàárín ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ìkùukùu. Bí èkíní bá jẹ́ dígírì Celsius 15, tí èkejì jẹ́ 13, mítà 250 nìyẹn. Bí méjèèjì bá dọ́gba, kùrukùru ti jókòó sórí ilẹ̀, ẹ padà sórí ibùsùn.

Fún orí rẹ̀, wọ́n ń rán bàlúù ojú ọjọ́ sókè láti Oakland lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nínú àwòrán tí wọ́n ń yà láti ara rẹ̀, ibi tí ìlà ooru ti dẹ́kun kíkéré tó sì ṣẹ́rí padà ni ìdí ọmọrí; ibẹ̀ ni orí ìkùukùu wà. Àwọn nǹkan tó dúró ní àgbègbè San Francisco tún lè ṣe òṣùwọ̀n fún yín, kámẹ́rà orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń fi wọ́n hàn. Òpó afárá Golden Gate ga ní mítà 227 sórí omi. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá yọ, ìkùukùu náà kéré. Sutro Tower, òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, dúró lórí òkè kan, ṣóńṣó rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi mítà 550 sórí òkun. Orí Mount Tamalpais wà ní 784. Bí Sutro Tower bá sọnù pátápátá, tí orí Tamalpais nìkan yọ, ìkùukùu náà ti nípọn jù láti fi ṣeré.

Nísinsìnyí, ẹ yọ ìsàlẹ̀ kúrò nínú orí. Bí orí bá wà ní 450 tí ìsàlẹ̀ wà ní 250, mítà 200 ló nípọn, oòrùn sì sábà máa ń jẹ ẹ́ tán lórí ilẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Èyí tó bá nípọn ju mítà 500 lọ lè má ṣí lọ ní gbogbo ọjọ́. Létí rẹ̀ ló ti ń yọ́, láti ọ̀dọ̀ ilẹ̀ wá sọ́dọ̀ òkun, torí ilẹ̀ ni oòrùn ń mú gbóná. Àwòrán sátẹ́láìtì tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ yóò fi hàn yín bóyá etí náà ń sún sẹ́yìn tàbí ó ń bọ̀. Nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ á yí padà: inú ilẹ̀ ti gbóná, ó ń fa afẹ́fẹ́ òkun wọlé, ìkùukùu á sì tẹ̀ lé e. Èyí tó ṣí sílẹ̀ ní aago mẹ́ta lè ti dí ní aago márùn-ún.

Ohun tí òfin Amẹ́ríkà sọ

Part 103, òfin tó ti wà láti ọdún 1982, ló ń darí hang glider. Ohun tó ta kókó jù nínú rẹ̀ fún wa ni pé ẹ gbọ́dọ̀ máa fi ojú rí ilẹ̀ tàbí omi tó wà nísàlẹ̀ láti fi darí ara yín. Fífò lórí ìkùukùu tó dí pátápátá, tí kò ní ihò, kò bófin mu, bó ti wù kó lẹ́wà tó nínú fọ́tò.

Wọ́n pín òfurufú sí ìsọ̀rí tí wọ́n fi lẹ́tà pè. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Class E, lábẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10,000, ẹ gbọ́dọ̀ lè ríran dé máìlì 3. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 (nǹkan bíi mítà 300) jìnnà sí orí ìkùukùu, 500 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti 2,000 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní Class G, èyí tó sún mọ́ ilẹ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà 1,200 sí ilẹ̀ wálẹ̀, máìlì 1 tó, kí ẹ má sì wọ inú ìkùukùu. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: lẹ́bàá òkè níbi tí ẹ ti gbéra, ilẹ̀ ṣì sún mọ́ ikùn yín, Class G lẹ wà. Bí ẹ ṣe ń jìnnà sí òkè ni ilẹ̀ ń ṣubú lọ nísàlẹ̀, ẹ sì lè bọ́ sínú Class E láìmọ̀. Bí orí ìkùukùu bá wà ní mítà 450, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 750 kí ẹ tó lè kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni gíga tí ẹ ti gbéra kò ní tó bẹ́ẹ̀, etí ìkùukùu nìkan lẹ máa fi ojú jẹ. Ẹ wo máàpù òfurufú dáadáa pẹ̀lú, torí ọkọ̀ òfurufú ńlá pọ̀ ní àgbègbè San Francisco, Class B, òfurufú àyíká àwọn pápákọ̀ ńlá, sì ń béèrè àṣẹ.

Irinṣẹ́ àti àyẹ̀wò

Ìyẹ́ aláṣọ kan, irú èyí tí a gba ẹni tí kò tíì pẹ́ níyànjú láti lò, wúwo tó kìlógíráàmù 20 sí 25, ó sì ń lọ síwájú ní mítà 8 tàbí 9 fún mítà 1 tó bá sọ̀kalẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń díje lè dé 15, ṣùgbọ́n ó ju kìlógíráàmù 30 lọ, ó sì ṣòro láti bà sí ibi tóóró.

Ẹ kó àwọn wọ̀nyí lọ: hẹ́límẹ́ẹ̀tì, paráṣúùtì àpamọ́ tí wọ́n tún ká láàárín ọdún kan sẹ́yìn, rédíò, ẹ̀rọ tó ń sọ bí ẹ ṣe ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ tó sì ní GPS, fèrè, àti ọ̀bẹ kékeré tó tẹ̀ bí ìkọ́ tí ọwọ́ méjèèjì lè dé. Bí ẹ bá wọ aṣọ ìléfòó, kó jẹ́ èyí tí ẹ ó fi ọwọ́ ara yín fa kó tó wú. Èyí tó ń dá wú fúnra rẹ̀ lè gbé yín mọ́ ìsàlẹ̀ aṣọ ìyẹ́ nínú omi, kó má jẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà jáde.

Ẹ to ìyẹ́ láti imú dé ìdí, kí ẹ fi ọwọ́ tọ gbogbo wáyà láti òpin dé òpin. Iyọ̀ òkun ni ọ̀tá. Ibi tí wọ́n ti tẹ wáyà mọ́ ara wọn ló ti ń jẹ ẹ́ láti inú, níbi tí ojú kò tó. Ẹ máa pààrọ̀ wáyà ìsàlẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹ bá ń fò létíkun déédéé. Fọ́nrán wáyà kan ṣoṣo tó bá já ti tó láti pa ìyẹ́ náà tì.

Àṣìṣe tó burú jù, tó sì rọrùn jù láti ṣe, ni kí èèyàn sáré gbéra láì so ara rẹ̀ mọ́ ìyẹ́. Kì í ṣe òpè nìkan ló ń ṣe é. Ẹni tó ti so ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á tú u láti lọ gbé ìbọ̀wọ́ tó gbàgbé, á padà, afẹ́fẹ́ á ti dára, á sì sáré. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Nítorí náà, àyẹ̀wò méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹ so rọ̀ nígbà tí ẹnìkan bá di imú ìyẹ́ mú: kí ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí ẹ fi ń darí ìyẹ́ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 jìnnà sí àyà yín, kí okùn ẹsẹ̀ méjèèjì sì wà ní dídè. Ìkejì, ní ìṣẹ́jú-àáyá tó ṣáájú eré gan-an, ẹ gbé ìyẹ́ sókè títí okùn á fi fà yín nítan. Bí kò bá fà yín, ẹ má sáré.

Gbígbéra

Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ tààrà láti iwájú, láàárín kìlómítà 10 sí 25 ní wákàtí, ló dára. Ẹ so rìbọ́nù mọ́ igi kékeré níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì dúró wò wọ́n fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán. Bí wọ́n bá ń dojú kọ ara wọn, afẹ́fẹ́ náà ń yí ni.

Kùrukùru fúnra rẹ̀ ń ya àwòrán afẹ́fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá rí i tó ń da bo orí òkè bí omi tó ń ya láti orí àpáta, ẹ má ṣe dúró níbi tó ń ya sí. Ẹ̀yìn òkè nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ń rì níbẹ̀, ó sì ń yí po lábẹ́ ìṣàn funfun tó rẹwà yẹn.

Ẹ mú imú ìyẹ́ sókè díẹ̀ ju ojú ilẹ̀ lọ, kí apá rẹ̀ méjèèjì tẹ́ dọ́gba. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn, kí ó di eré, ìṣísẹ̀ 6 sí 10 tó ń gùn sí i, kí ẹ sì máa sáré títí ẹsẹ̀ yín kò fi ní kan ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fò sókè bí àkèré á bọ́ ẹrù kúrò lára ìyẹ́, ìyẹ́ á gbé imú, á sì padà wá jókòó sórí òkúta. Ọ̀pọ̀ páìpù tó ṣẹ́ ló ti ibí yìí ṣẹ́.

Lókè: ihò ni kí ẹ máa wò

Ó yẹ kí ẹ gbádùn rẹ̀. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín, ẹ wo ìkùukùu ní òdìkejì rẹ̀: ẹ ó rí òjìji ìyẹ́ yín, àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè á sì yí i ká ní òrùka. Àwọn ẹ̀kán omi kéékèèké ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù tó ń fò sì ń rí òrùka tirẹ̀ nìkan yí orí tirẹ̀ ká. Ó wúlò pẹ̀lú: bí òjìji náà bá ń tóbi, ẹ ń sún mọ́ ìkùukùu. Ojú nìkan kò lè sọ èyí fún yín, torí ohun funfun tí kò ní igi, tí kò ní ilé, kò ní òṣùwọ̀n kankan. Ẹ gbára lé nọ́ḿbà ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n ìṣírò ihò kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ wà ní mítà 600 sórí etíkun. Ẹ yọ 100 sọ́tọ̀ fún bíbà. Ó ku 500. Ìyẹ́ tó ń lọ mítà 8 fún mítà 1 lè gbé yín dé mítà 4,000 bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́. Ní kìlómítà 40 ní wákàtí, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ kọjú sí yín ní 20, ìdajì ló kù, mítà 2,000. Ẹ tún yọ ìdá kan nínú mẹ́ta nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń rì. Nǹkan bíi mítà 1,300 ló kù. Ihò tó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe tiyín.

Ẹ ka àkókò mọ́ ọn. Ní ìwọ̀n yẹn, ìyẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ ní mítà 1.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti mítà 600 dé ilẹ̀, ìṣẹ́jú 7 ni. Ihò kékeré lè dí kí ìṣẹ́jú 10 tó pé. Nítorí náà, kì í ṣe ihò tí ẹ rí báyìí lẹ máa gbà kọjá, ihò tó máa ṣẹ́ kù ní ìṣẹ́jú 7 sí i ni. Kí ẹ tó gbéra, ẹ mú àmì méjì tí ẹ lè rí láti òkè, bí orí ilẹ̀ tó yọ sínú òkun tàbí ìyànà títì. Bí funfun bá ti bo àmì àkọ́kọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ dùn tó. Ẹ sọ̀kalẹ̀ náà bí ihò bá ti sọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ nù, tàbí bí ìyẹ́ bá ń dojú kọ òkun ṣùgbọ́n tí GPS sọ pé eré yín lórí ilẹ̀ kò tó kìlómítà 15 ní wákàtí. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Bí ihò bá dí

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn. Ìkùukùu yìí sábà máa ń mọ sí etíkun. Àfonífojì inú ilẹ̀ lè wà nínú oòrùn. Pápá ibẹ̀ lè jìnnà sí mọ́tò yín, ìrìn ẹsẹ̀ wákàtí méjì kì í pa èèyàn. Bíbà padà sórí òkè tún ṣeé ṣe fún ẹni tó ti kọ́ ọ.

Ẹ má ṣe gbà pé ẹ lè rọra gba inú rẹ̀ kọjá. Etí wa ló ń mú wa dúró ṣánṣán, tí kò bá sì rí ìrànlọ́wọ́ ojú, ó ń purọ́. Ní ọdún 1954, Yunifásítì Illinois dán awakọ̀ òfurufú 20 tí kò mọ fífò pẹ̀lú ẹ̀rọ nìkan wò. Gbogbo wọn ló sọ ìdarí nù, ìṣẹ́jú-àáyá 178 sì ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Hang glider máa ń fúnra rẹ̀ di imú rẹ̀ mú dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí ara kò ní mọ̀, títí á fi máa yí bí òkòtó.

Bó bá ti ká yín mọ́ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá ìdarí wà níbi tó fẹ́ wà, ẹ má dì í mú gírígírí. Ẹ yan ọ̀nà kan tó kúrò lọ́dọ̀ òkè, kí ẹ máa wo nọ́ḿbà ìdojúkọ lórí GPS. Bí nọ́ḿbà náà bá ń yí, ẹ ń yí nìyẹn, ohunkóhun tí etí ì báà máa sọ. Ẹ fi ara sún díẹ̀ sí òdìkejì, kí ẹ dúró. Ẹ má gbìyànjú láti yí padà. Bí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí hó létí tí ọ̀pá sì wúwo, ìyẹ́ ti ń yí wálẹ̀. Bí ẹ kò bá lè tẹ́ ẹ, paráṣúùtì ló kù.

Bíbà sí etíkun tàbí sínú omi

Afẹ́fẹ́ òkun máa ń dín kù nítòsí ilẹ̀. Ẹ mú eré wá, kìlómítà 45 sí 50 ní wákàtí, títí ẹ ó fi wà ní mítà díẹ̀ sórí iyanrìn, kí ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ máa yọ́ lọ, kí ẹ tó ti ọ̀pá síwájú pátápátá láti dúró. Ẹni tó bá tètè dín eré kù, ìyẹ́ á já a lulẹ̀ láti mítà 5. Iyanrìn tútù le ju gbígbẹ lọ, ó dára fún ẹsẹ̀.

Bí omi bá di dandan, ẹ ti òkè ṣí síìpù àpò tí ẹ so rọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ yọ ẹsẹ̀ jáde. Ẹ má já ara yín sílẹ̀ kí ẹ tó kan omi, torí gíga lórí omi ń tan ojú jẹ. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ ló burú jù: ìgbì kan lè ká ìyẹ́ mọ́ yín lára pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Inú òkun, kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, sàn jù. Bí ẹ bá ti kan omi, ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ tú họ́ọ̀kù tàbí kí ẹ fi ọ̀bẹ gé okùn, kí ẹ sì jáde lábẹ́ aṣọ ìyẹ́ kíákíá. Omi dígírì 12 kì í jẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́ pẹ́.

Ẹni tó bà sí ilẹ̀ láyọ̀ kò tíì ráyè ká ìyẹ́. Kí ó gbé rédíò kọ́kọ́: ìsàlẹ̀ ni ojú ti ń rí ibi tí ìkùukùu wà gan-an, ó sì yẹ kí àwọn tó ṣì wà lókè gbọ́ bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó, ibi tó ń sún sí, àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ lórí iyanrìn. Lẹ́yìn náà ni kó wá fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ gbogbo wáyà.